Ta Ló Ni Ère Ìyá Àgbà?

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí, torí èmi ò lè dá a. Bí ìyá kan bá ní kí wọ́n gbẹ́ ère fún ọmọ rẹ̀ tó kú, tí ìyá náà sì wá kú, ta ló ni ère? Ṣé ọmọ tó kù láyé ni, àbí gbogbo ìlú, àbí ẹni tó bá ṣáà ti lówó láti rà á?

Ní sáà tó kọjá, olùkọ́ wa kan kó wa lọ sí mùsíọ́mù. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, torí kì í ṣe ibẹ̀ ni mo ń bá wí. A rí ìlù, a rí ọpọ́n Ifá, a rí aṣọ òkè àtijọ́. Àwọn kan ń ya fọ́tò, àwọn kan ń bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ta gálà. Ìgbà tí mo dé iwájú gíláàsì kan ni ẹsẹ̀ mi kọ̀. Ère ìbejì mẹ́fà ló dúró níbẹ̀. Ojú ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán, imú ti pẹlẹbẹ, ẹnu ti di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Ẹ wo èyí, ikán ti jẹ ẹ́." Kì í ṣe ikán jàre. Ìyá ẹnì kan ló wẹ̀ ẹ́ títí ojú rẹ̀ fi yọ́.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí ìbejì ni bàbá mi. Táyé wọn kú kó tó rìn. Ìyá àgbà lọ bá babaláwo, wọ́n sì gbẹ́ ère. Ìgbàkígbà tí Ìyá àgbà bá wẹ bàbá mi, wọ́n á wẹ ère náà, wọ́n á fi osùn pa á lára, wọ́n á fi búlúù ìfọṣọ kun irun rẹ̀. Bí wọ́n bá se ẹ̀wà, ère á gba tiẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá wà lára ibi tí wọ́n ti ń bí ìbejì jù láyé, ẹ bi ará Igbó-Ọrà, ṣùgbọ́n láyé ìgbà yẹn ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í dúró. Ìdí nìyẹn tí ère náà fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ti wa, orí àpótí Ìyá àgbà ni mo bá a nígbà tí mo wà ní kékeré.

Lẹ́yìn tí Ìyá àgbà kú, pásítọ̀ ní kí bàbá mi sun ún. Wọn ò lè sun ún. Wọ́n ní bí ẹni sun ìkejì òun ni. Títà ló wá rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ọkùnrin kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ kiri wá, ó yí ìdí ère wò, ó sanwó, ó lọ. Òfin 77 ti ọdún 1979 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde nílẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n ta ló bi í níbi tó ń gbé e lọ? Owó yẹn sì wà nínú owó tí mo fi wọ yunifásítì. Nítorí náà, ẹ má rò pé ọwọ́ tèmi mọ́.

Ẹni tá a jọ ń gbé yàrá ní mo kàn ń da ara mi láàmú ni. Ó ní bí kò bá sí mùsíọ́mù, ikán á jẹ wọ́n lóòótọ́, tàbí kí wọ́n sun wọ́n. Ó ní ìdí tí Kenneth Murray fi ja ìjà títí ti Oníkàn fi ṣí ní 1957 nìyẹn, kí wọ́n má baà kó ohun wa tán lọ sókè òkun. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo Ẹsìẹ́ ní Kwara, níbi tí mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà láti 1945. Ère òkúta ibẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, ẹnikẹ́ni ò sì mọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Ará ìlú ní àlejò tó di òkúta ni wọ́n. Síbẹ̀, ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe ọdún fún wọn. Wọ́n ní ẹni tó ń kí wọn. Èyí tí mo rí nínú gíláàsì, ta ló ń kí i?

Ohun tó bí mi nínú jù ni ìwé pélébé ẹ̀gbẹ́ wọn: "Ère ìbejì, igi." Ó tán. Mo ní ọmọ ènìyàn nìyí, ẹ̀yin ò dárúkọ rẹ̀! Mo ń pariwo lọ, ni ọ̀rẹ́ mi bá ní, "Kí wá ni orúkọ ti ilé yín?"

Mo ní, "Táyé."

Ó ní, "Táyé wo? Ṣebí gbogbo wọn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹni tó ra ère ò bèèrè, bàbá mi ò sọ, èmi tí mo jẹun nínú owó rẹ̀ ò bèèrè rí. Inú ilé wa ni orúkọ yẹn ti kọ́kọ́ sọnù, kò tíì dé inú gíláàsì kankan. Kí ni mo wá ń bá oníwèé pélébé jà sí?

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo pe bàbá mi. Wọ́n rò pé owó ló tán lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Rárá, sà. Mo fẹ́ mọ orúkọ Táyé yín ni." Wọ́n dákẹ́ pẹ́ débi pé mo rò pé káàdì mi ti tán. Lẹ́yìn náà wọ́n ní Àjàní ni ìyá àwọn máa ń pè é tí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́.

Wọ́n tún dákẹ́. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé o rí i níbẹ̀ ni?"