Èwo Nínú Wọn Ló Fẹ́ràn Màmá Jù?

Ìbéèrè yìí kì í sábàá jáde lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé tí màmá ti kú, tí wọ́n fi ọmọbìnrin méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀. Ọ̀kan sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Èkejì kò sunkún rárá. Òun ló ń bá alásè dúnàádúrà, òun ló ń gba owó aṣọ ẹbí, òun ló wá ọkọ̀ tó gbé òkú kúrò ní mọ́ṣúárì. Nígbà tó bá tó oṣù mẹ́ta, àbúrò á máa sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ọkàn ẹ̀gbọ́n mi yìí mà le o." Ẹ̀gbọ́n náà á máa sọ nínú tirẹ̀ pé, "Ẹkún nìkan ló rí ṣe. Èmi ni mo sin màmá."

Fún àwa tí a ń kàwé jìnnà sílé, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Ẹni tó wà ní Zaria tàbí Jos nígbà tí màmá ń ṣàìsàn ní Òṣogbo, orí fóònù ló ti ń gbọ́ ìròyìn. Kò fọ aṣọ àìsàn, kò sun lórí bẹ́ńṣì ọsibítù. Ẹ̀gbọ́n tó ṣe gbogbo rẹ̀ ti sunkún tirẹ̀ lóru láti ọjọ́ tí dókítà ti pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kí ọjọ́ ikú tó pé, omijé ti gbẹ lójú rẹ̀. Àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ó tún ku ohun kan: àdánù wọn kò rí bákan náà. Àkọ́bí pàdánù obìnrin tí wọ́n jọ ta ọjà, tí wọ́n jọ gbọ́ bùkátà ilé. Àbíkẹ́yìn pàdánù ẹni tó ń pè é ní alaalẹ́ láti bi í bóyá ó ti jẹun.

Ẹ jẹ́ ká wo Bẹ́tánì, nínú Jòhánù orí 11. Arákùnrin ni àwọn tibẹ̀ pàdánù, kì í ṣe ìyá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn bá tiwa mu. Lásárù ti lo ọjọ́ 4 nínú ibojì. Màtá dìde, ó lọ pàdé Jésù lọ́nà. Màríà jókòó sílé. Ẹ ka ẹsẹ 21, kí ẹ sì ka ẹsẹ 32: ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì sọ fún un, pé ká ní ó wà níbẹ̀ ni, arákùnrin àwọn kì bá tí kú. Lójú tèmi, wọ́n ti ń sọ ọ́ fún ara wọn láti ọjọ́ tó ti kú. Ṣùgbọ́n ohun tí Jésù ṣe fún wọn yàtọ̀. Ó bá Màtá sọ̀rọ̀ àjíǹde, ìwọ ń sọ, èmi ń dáhùn. Nígbà tí Màríà wólẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó ń sunkún, kò wàásù fún un. Òun náà sunkún. Kò bi Màtá pé omijé rẹ̀ dà. Kò sọ fún Màríà pé kó lọ kọ́ ìgbàgbọ́ lọ́dọ̀ arábìnrin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé Lásárù kò ní pẹ́ jáde!

Nítorí náà ni n kò ṣe fara mọ́ àbẹ̀wò tí a máa ń ṣe nígbà mìíràn ní fẹ́lóṣíìpù. A ó wọ yàrá, bí ènìyàn mẹ́wàá, a ó kọrin, a ó ní, "Sístà, ẹ má sunkún mọ́," a ó gbàdúrà, ó parí. Lọ́sẹ̀ kejì a ti ń retí ẹ̀rí lẹ́nu rẹ̀. Pọ́ọ̀lù nínú Tẹsalóníkà Kìíní 4:13 kò ní ká má ṣọ̀fọ̀. Ṣíṣọ̀fọ̀ bí ẹni tí kò ní ìrètí ló kọ̀ fún wa. Ẹ tún wo Ísáákì. Ẹni 90 ọdún ni Sárà nígbà tó bí i, ó sì kú ní 127. Ẹni 40 ọdún ni Ísáákì nígbà tó fẹ́ Rèbékà, ìgbà náà ni Jẹ́nẹ́sísì tó sọ pé ó rí ìtùnú lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀, bí ọdún 3 ni. Kò sí ibi tí Ọlọ́run ti bá a wí.

Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ́ gan-an ni ìdí àpótí aṣọ. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n kó aṣọ òkè àti ìró màmá jáde, kí àwọn ọmọbìnrin pín in kí kòkòrò tó jẹ ẹ́. Àbúrò ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé òórùn màmá ṣì wà lára rẹ̀. Àbúrò yìí kan náà ló ń ra káàdì sórí nọ́ńbà màmá lóṣooṣù, nítorí kò fẹ́ kí ilé iṣẹ́ fóònù gbé e fún ẹlòmíràn, kí àjèjì wá máa dáhùn níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní àìnígbàgbọ́ ni. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Kò bi òkú léèrè ohunkóhun. Deutarónómì 18 kò kàn án. Ní ti aṣọ, káfúrà wà lọ́jà. Ó lè dúró fún ọdún kan.

Ṣùgbọ́n ẹkún kò sọ gbèsè dọ̀fẹ́ o. Kálukú lè ṣọ̀fọ̀ bó ṣe mọ̀, iṣẹ́ ni kò yẹ kí ẹnìkan dá ṣe. Bí ẹ̀gbọ́n bá ṣì ń san owó kánọ́pì àti màlúù lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí àbúrò sì ní ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí òun lè ronú nípa owó, a ti rẹ́ ẹ̀gbọ́n jẹ nìyẹn. Kì í ṣe gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló ní owó, mo mọ̀. Ó lè béèrè iye tó kù. Ó lè lo ìsinmi rẹ̀ nílé, kó máa bá bàbá se oúnjẹ, kí ẹ̀gbọ́n lè padà sílé ọkọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, bóyá níbẹ̀ ni òun náà á ti ráyè sunkún.

Kí wọ́n sì bi ara wọn léèrè. Àbúrò kò mọ bí alẹ́ tó kẹ́yìn ṣe rí ní ọsibítù. Ẹ̀gbọ́n nìkan ló wà níbẹ̀, kò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n náà kò mọ ohun tí màmá sọ lórí fóònù lọ́jọ́ Sunday tó ṣáájú, nígbà tí wọ́n pe Zaria.