Ìrántí Bàbá Tí Ó Jẹ Iṣẹ́ Ọwọ́ Rẹ̀

Gbogbo ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́hun, Ọba tí ó dá ikú àti ìyè. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, irú bàbá kan wà tí kò ṣọ̀wọ́n ní Ìkirè àti Àpòmù. Kò joyè, kò kọ́ ilé alájà. Bí ó bá ti kírun àsùbáà tán, ọ̀nà oko kòkó ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó gbìn láti ṣíji bo kòkó kékeré ni ìyàwó rẹ̀ ń dín ní dòdò Ìkirè, tí ó ń tà fún èrò ọkọ̀ ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀. Inú èyí ni owó iléèwé àwọn ọmọ ti ń jáde. Bí ó bá gbé ọjà lọ sí Àpòmù, kóńgò rẹ̀ a kún. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn ní ọjà tí wọ́n ti ń jí ọmọ ènìyàn tà ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn, tí ìyẹn sì wà lára ohun tí ó fa ogun Òwu.

Nígbà tí irú bàbá bẹ́ẹ̀ bá kú, kí ni à ń pè ní ìrántí rẹ̀?

Ohun tí ojú wa ń rí ni pé, a kì í tíì ti ìtẹ́ dé tí ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ a yá owó, wọn a pa màlúù, wọn a ní àwọn ń yẹ́ bàbá sí. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ sá fún gbèsè, ṣé gbèsè ni a ó fi yẹ́ ẹ sí?

Nígbà tí ìròyìn ikú Ja'far ọmọ Abū Tālib dé láti ogun Mu'tah, Ànábì pàṣẹ pé kí wọ́n se oúnjẹ fún ará ilé rẹ̀, nítorí ọ̀fọ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè dáná. Àdúgbò ni ó bọ́ ilé ọ̀fọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, ilé ọ̀fọ̀ ni ó ń bọ́ àdúgbò, opó a sì wá owó iyọ̀ tì lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ.

Wọ́n tún gbé òkú kan wá, Ànábì sì bèèrè bóyá ó jẹ gbèsè. Nígbà tí wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ní kí àwọn sàábé kírun sí i lára. Òun fúnra rẹ̀ kò kí i, àfi ìgbà tí Abū Qatādah gba gbèsè náà sọ́rùn. Nínú Súrà An-Nisā, lẹ́yìn àsọtẹ́lẹ̀ òkú àti gbèsè rẹ̀ ni ogún tó kàn. Sa'd ọmọ Abū Waqqās fẹ́ fi púpọ̀ nínú ohun ìní rẹ̀ tọrẹ. Ànábì dá a dúró sórí ìdá mẹ́ta, ó ní ìyẹn gan-an pọ̀, kí àwọn ajogún má baà di alágbe. Bí sàdákà pàápàá bá ní ààlà nítorí ọmọ, kí ni ti màlúù àwìn?

Ànábì Dáúdà jọba, síbẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó ń jẹ. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ni àgbẹ̀ wa nínú èyí.

Nítorí náà, ní ilé tí irú ọ̀fọ̀ yìí bá ṣẹ̀, kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí bàbá jẹ. Kí ẹni tí ó ra kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì sanwó tán náà jáde wá sọ, kí wọ́n tó pín ogún.