Òǹka Iná Kò Mọ Èènì

Ní kíláàsì wa ní Tatonnonkon, a fi multimètre méjì wọn iná inú prise kan náà. Ọ̀kan kọ 218 volts, èkejì kọ 231. Akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó ní: «Monsieur, èwo nínú wọn ni ó ń purọ́?» Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí ìbéèrè náà kọjá ti ẹ̀kọ́ iná.

Irọ́ kì í ṣe àṣìṣe. Òpùrọ́ mọ òtítọ́, ó sì fi pamọ́. Ẹ̀rọ kò mọ nǹkan kan. Síbẹ̀, bí òǹka iná tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ilé opó kan bá ń ka 105 níbi tí ó yẹ kí ó ka 100, àpò obìnrin náà kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín irọ́ àti àṣìṣe. Ta ni yóò jẹ̀bi, nígbà tí kò sí ẹni tí ó gbèrò ibi?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yà sí ọjà. Ìyá tí ó ń ta àgbàdo mọ̀ pé ìdí abọ́ tí òun fi ń wọ̀n ọ́n lè ti tẹ̀ wọnú. Nítorí náà, bí ó bá wọ̀n ọ́n tán, ó máa ń bu èènì lé e. Àwọn kan rò pé ọ̀làwọ́ lásán ni èènì. Lójú tèmi, ìjẹ́wọ́ ni pẹ̀lú: òṣùwọ̀n mi lè kù díẹ̀, gba èyí, kí ọkàn àwa méjèèjì balẹ̀.

Òǹka iná kò mọ èènì, kò sì rí ojú ẹnikẹ́ni. Ohun tí èènì ń ṣe lọ́jà, àyẹ̀wò ni ó gbọ́dọ̀ ṣe é níhìn-ín. Iná ilé wa jẹ́ ìgbì tí ń lọ tí ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. A lè ṣe ẹ̀rọ tí ń pèsè irú ìgbì bẹ́ẹ̀, kí a máa yí gíga rẹ̀ sókè sódò, kí a sì fi í han òǹka tí a fọkàn tán àti èyí tí a ń dán wò. Gíga náà gbọ́dọ̀ ṣeé yí, nítorí òǹka lè sọ òótọ́ nígbà tí nǹkan kéré, kí ó sì ṣìnà nígbà tí ó pọ̀. (Mo mọ ènìyàn bẹ́ẹ̀.)

Àwa náà ṣe ọ̀kan. William Hewlett, tí òun àti David Packard dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1939, ni ó fi gílóòbù kékeré mú irú ìgbì yìí dúró: bí ìgbì bá ga jù, gílóòbù á gbóná sí i, agbára tí ẹ̀rọ ń fi kún ìgbì á sì dínkù.

Ṣùgbọ́n ta ni ó dán òǹka tí a fọkàn tán wò? Òmíràn tí ó péye jù ú lọ ni, bẹ́ẹ̀ ni títí dé ọ́fíìsì tí àdéhùn 1875 dá sílẹ̀ ní Sèvres, lẹ́bàá Paris. Láti 20 oṣù karùn-ún 2019, orí agbára iná inú electron ni wọ́n gbé ampere kà, ohun tí kì í ṣe ti ọba tàbí ti ilé iṣẹ́ kankan.

Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé ẹni tí ó lè wádìí, tí kò wádìí, tí ó sì ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tí kò lè wádìí, jẹ̀bi. Òótọ́ ni pé àyẹ̀wò ń náni lówó. Èènì náà ń náni lágbàdo.

Ní ti multimètre wa, bí a ti ń gbé ìgbì ga sí i ni àlàfo àárín wọn ń fẹ̀ sí i. Kò sí òǹka kẹta tí a lè fọkàn tán ní ilé ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà gé bébà méjì, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀yìn méjèèjì: «A kò tíì dán an wò.»