Ṣé Ohun Tó Jọra Ni Ohun Kan Náà?

Ìbejì ni mí, nítorí náà ìbéèrè yìí kì í ṣe eré lọ́wọ́ mi. Fóònù bàbá wa máa ń kó àwòrán èmi Kẹ́hìndé àti ti Táíwò àbúrò mi sójú kan (òun ló kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n èmi ni mo rán an), bí ẹni pé ènìyàn kan ṣoṣo ni wá. Màmá wa kò fi ọ̀kan pe èkejì rí, kódà nínú òkùnkùn.

Kọ̀ǹpútà kì í rí ojú, nọ́ńbà ló ń rí. Àmì kéékèèké bí orí abẹ́rẹ́ ló kún inú àwòrán, nọ́ńbà kan láti 0 dé 255 sì lè sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ tó. Bí a bá kàn yọ nọ́ńbà àwòrán kan kúrò nínú ti èkejì, ẹni tó ya ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì, tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, yóò gbọ́ pé àwòrán rẹ̀ kò jọra.

Ọ̀nà mìíràn wà. Lọ́dún 1948, Claude Shannon, ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé a lè wọn ìròyìn bí a ṣe ń fi kóńgò wọn gàrí. Ohun tí a ti retí tẹ́lẹ̀ fúyẹ́. Ohun tí a kò retí ló wúwo. Àwọn tó tẹ̀lé e wá gbé ìbéèrè yìí ka àwòrán: bí mo bá ti ní èkíní lọ́wọ́, báwo ni ohun tó kù kí ẹ sọ fún mi nípa èkejì ṣe pọ̀ tó? Bó bá kéré, wọ́n jọra nìyẹn.

Mo gba ti ọgbọ́n yìí. Láti àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń fi í to àwòrán orí aláìsàn tí ẹ̀rọ CT yà mọ́ èyí tí ẹ̀rọ MRI yà. Egungun funfun nínú ti CT, ó dúdú nínú ti MRI. Ojú lásán lè ní wọn kò bára tan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ ibi tí egungun wà nínú ọ̀kan ti mọ̀ ọ́n nínú èkejì.

Ohun tó kù díẹ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Láàárín èmi àti Táíwò, kò ju àpá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú lọ. Kóńgò Shannon yóò ní kò tó nǹkan. Síbẹ̀ inú rẹ̀ ni orúkọ mi wà. Bí Táíwò bá jí ẹran jẹ, ẹ̀yìn tèmi kọ́ ló yẹ kí pàṣán bà.

Àwọn kan yóò ní ènìyàn náà máa ń fi ẹnì kan pe ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní "ó jọ ọ́" mọ̀ pé wọ́n lè bi òun léèrè ìdí. Nọ́ńbà kì í dáhùn, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í bi í.

Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ọlọ́pàá Detroit ní Amẹ́ríkà mú Robert Williams níwájú ìyàwó àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì, nítorí pé kọ̀ǹpútà ní ojú rẹ̀ jọ ti olè kan tí kámẹ́rà ṣọ́ọ̀bù yà. Bí wọ́n ṣe ń wọn ojú yàtọ̀ sí èyí tí mo ṣàlàyé, àmọ́ ìbéèrè kan náà ni. Williams gbé àwòrán olè náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ara rẹ̀ kí wọ́n lè fi ojú ara wọn wò ó. Nǹkan bíi wákàtí 30 ló lò látìmọ́lé. Oṣù kẹfà ọdún 2024 ni ìlú náà tó gbà pé àwọn ọlọ́pàá rẹ̀ kò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni mọ́ nítorí ohun tí ẹ̀rọ ìdánimọ̀ ojú nìkan sọ.