Ta Ló Ni Ìjọ?

Láti Ìkòtún dé Ẹgbẹ́dá, títí wọ Ìgàndò, ó ṣòro kéèyàn rin àdúgbò kan já ní Alímọ̀ṣọ́ láìrí ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́. Bí ọjọ́ ìkórè bá pé, wọ́n á kó iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn síwájú pẹpẹ, wọ́n á lù wọ́n ní gbàǹjo, owó rẹ̀ á sì di sìmẹ́ńtì àti búlọ́ọ̀kù. Ìyá aláta tó ra iṣu kan ní ìlọ́po mẹ́ta iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà mọ̀ pé owó òun wà nínú ògiri yẹn. Ṣùgbọ́n bí ìjà bá dé, tí wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?

Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ á tètè dáhùn pé Ọlọ́run ló ni ìjọ. Òótọ́ ni, àmọ́ ìdáhùn yẹn kò yanjú ọ̀rọ̀, torí tọ̀tún tòsì ló gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń jà. Bó ṣe rí ní Èkó ní ọdún 1901 nìyẹn, nígbà tí ọmọ ìjọ àti bíṣọ́ọ̀bù Áńgílíkà jà. Agége àti Ìfakọ̀, tó múlé ti Alímọ̀ṣọ́, sì ni ìjà náà ti so èso jù.

Ìlú ọba ni ètò tó fa ìjà náà ti wá. Ní abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará ìlú lè máa tún òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ṣe láti ìran dé ìran, kí wọ́n máa yan wọ́dìn fúnra wọn, síbẹ̀ kó jẹ́ onílẹ̀ ńlá tàbí bíṣọ́ọ̀bù ni yóò sọ ẹni tó máa jẹ́ àlùfáà wọn. Henry Venn, akọ̀wé Church Missionary Society (CMS), fẹ́ kí ti Áfíríkà yàtọ̀: kí ìjọ máa bọ́ ara rẹ̀, kó máa darí ara rẹ̀, kó sì máa gbèrú fúnra rẹ̀. Èrò yìí ló mú kí wọ́n fi Samuel Ajayi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú ìsìn tó wáyé ní Canterbury ní 1864. Ṣùgbọ́n kí Crowther tó kú ní oṣù kejìlá 1891, àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì ọ̀dọ́ ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀.

Ọgbẹ́ yẹn kò tíì jinná nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's, Breadfruit, ṣẹlẹ̀ ní Èkó. James Johnson, tí gbogbo Èkó ń pè ní Holy Johnson, ti ń ṣe àlùfáà níbẹ̀ láti 1880. Wọ́n fi í jẹ igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1900. Nígbà tó yá, Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell ní kó kó kúrò nílé àlùfáà. Lójú àwọn ọmọ ìjọ, àbùkù gbáà ni. Ní oṣù kẹwàá 1901, ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde. Jacob Kehinde Coker, tó jẹ́ wọ́dìn, wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ilé tí owó wọn gbé ró kù sẹ́yìn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìsìn tiwọn ní Rose Cottage ní Marina. Bí African Church ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ.

Ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ jáde dúró sí Áńgílíkà, síbẹ̀ wọn ò tú ká. Coker ní oko kòkó ní Ìfakọ̀, rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901 sì gba Agége kọjá. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wá láti òkè, wọ́n ń kọ́ bí a ṣe ń gbin kòkó, wọ́n sì ń kọ́ àdúrà àti orin ìjọ. Nígbà tí wọ́n bá ń padà sílé, irúgbìn kòkó àti ìhìnrere ni wọ́n jọ ń gbé lọ. Kò sí bíṣọ́ọ̀bù kankan ní London tó rán wọn níṣẹ́. Bí ọkùnrin bá ní ìyàwó méjì, wọn kì í tì í jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kí àlùfáà jẹ́ aláya kan. Ìtàn yìí fi hàn pé ilé lè jẹ́ ti dáyósíìsì, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tó ń ru ẹrù ìjọ ló ni ìjọ.

A kò gbọdọ̀ fi èyí gbójú fo ohun tí Tugwell ìbá sọ. Bó bá jẹ́ ẹni tó sanwó ló nìjọ, olówó ni yóò máa pàṣẹ, tálákà á sì dákẹ́. African Church náà rí i: kò pẹ́ tí ó pín sí Bẹ́tẹ́lì àti Sálẹ́mù, torí wọn kò fẹnu kò lórí agbára àlùfáà àti ti ọmọ ìjọ. Nítorí náà, kí ìjọ jẹ́ ti àwọn ọmọ rẹ̀ kò túmọ̀ sí pé kí ẹni tó dáwó jù máa jẹ gàba. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé kí ìyá aláta lè béèrè bí wọ́n ṣe ná owó iṣu rẹ̀, kí wọ́n sì dá a lóhùn.

Ìbéèrè náà kò tíì kúrò nílẹ̀. Nígbà tí òfin iléeṣẹ́ àti àjọ, CAMA ti 2020, fún Corporate Affairs Commission (CAC) lágbára láti dá àwọn trustee ìjọ dúró tí wọ́n bá ń ṣe owó báṣubàṣu, ẹgbẹ́ àwọn Kristẹni Nàìjíríà, CAN, fárígá pé ìjọba ń wọ ilé Ọlọ́run. Ní Ìkòtún níbí, lẹ́yìn tí Wòlíì T.B. Joshua kú ní oṣù kẹfà 2021, ìyàwó rẹ̀, Evelyn Joshua, ló di olórí Synagogue Church of All Nations tí wòlíì náà dá sílẹ̀. Gbogbo ìjọ tó bá ní olùdásílẹ̀ kan ṣoṣo ni irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ wá bá. Kó tó dé, ó yẹ kí ọmọ ìjọ kọ̀ọ̀kan mọ orúkọ ẹni tó wà lórí ìwé ilẹ̀, mọ àwọn tó ń buwọ́ lu ìwé owó ní báńkì, kí wọ́n sì máa gbọ́ ìṣirò owó ìkórè lójú gbogbo ìjọ kí wọ́n tó tún dá òmíràn.