Ìbúra tí Ahọ́n Ṣe tí Ọkàn Kò Sí Níbẹ̀

Ọ̀rọ̀ ìbúra ni a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ìbúra ọjà, kì í sì í ṣe ti ilé ẹjọ́. Ìbúra tí ìjọba apàṣẹwàá ń fi ipá gbà lẹ́nu ọmọ ènìyàn ni. Bí alágbára kan bá pàṣẹ pé kí o búra pé olóòótọ́ ni ìwọ yóò jẹ́ sí òun, tí o mọ̀ nínú ọkàn rẹ pé o kò fẹ́ ẹ, o kò sì gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n tí o búra kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kí ni a ó pe ohun tí o ṣe yẹn? Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni, àbí ọgbọ́n? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn kí a tó béèrè tán. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù, kí a jọ wo ohun tí ojú àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Ítálì rí ní ọdún 1931.

Nígbà náà, ìjọba ti wà lọ́wọ́ Benito Mussolini fún bí ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀ yẹ ní mímọ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ṣì rò pé ogun ni ó fi gbà á. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1922, nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Fásíìsì, àwọn tí ń wọ ẹ̀wù dúdú, kó ara wọn jọ láti wọ́ lọ sí Róòmù, olórí ìjọba ìgbà náà, Luigi Facta, ti kọ òfin kalẹ̀ pé kí àwọn ológun dá wọn dúró. Ọba Victor Emmanuel Kẹta ni ó kọ̀ tí kò fọwọ́ sí i. Mussolini alára kò bá àwọn ènìyàn rẹ̀ rìn. Ìlú Milan ni ó jókòó sí, ìgbà tí ọba ránṣẹ́ pè é ni ó tó wọ ọkọ̀ ojú irin alẹ́ lọ sí Róòmù. Ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ 35 péré ni wọ́n wà nínú ilé aṣòfin tí ó ní ìjókòó 535. Ọba tí ó ti búra pé òun yóò pa òfin ìlú mọ́ ni ó ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ní oṣù kẹfà 1924, wọ́n jí Giacomo Matteotti gbé, aṣòfin tí ó dìde nínú ilé láti sọ pé ipá àti ìdẹ́rùbà ni wọ́n fi wọlé ìbò, wọ́n sì pa á. Nígbà tí ọdún 1926 fi máa parí, wọ́n ti fi òfin de gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú yòókù, wọ́n sì ti pa ẹnu àwọn ìwé ìròyìn tí ń takò wọ́n mọ́. Ó wá ku yunifásítì.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ 1931 ni òfin jáde pé kí gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì ìjọba wá búra. Tẹ́lẹ̀ rí, ọba àti òfin ìlú ni wọ́n ń búra fún. Ní báyìí, wọn yóò fi ìjọba Fásíìsì kún un pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ gan-an, wọn yóò sì ṣèlérí pé ẹ̀kọ́ tí àwọn ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ yóò sọ wọ́n di ọmọ ìlú tí ó fi ara jin ìjọba náà. Nínú àwọn tí ó ti irú èrò bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, Giovanni Gentile wà níbẹ̀, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ó ti ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ rí, tí ìwé rẹ̀ kún ilé ìkàwé. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ọ̀rọ̀ kàn lé ní 1,200. Àwọn tí wọ́n wí gbangba pé àwọn kò ní búra jẹ́ méjìlá. Àwọn kan máa ń ka iye náà ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, nítorí pé ẹlòmíràn wà tí ó fẹ̀yìn tì kí ọ̀rọ̀ má baà kàn án, ẹlòmíràn sì wà nílẹ̀ òkèèrè tí kò padà wálé. Ẹ jẹ́ kí a fi méjìlá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ sọ ọ́ di ogún, kò yí nǹkan kan padà.

Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí ta kókó ni pé àwọn tí ó búra kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ Fásíìsì pátá. Púpọ̀ nínú wọn kórìíra Mussolini. Wọ́n wá ìmọ̀ràn lọ, ibi mẹ́ta tí kò jọ ara wọn rárá ni ìmọ̀ràn kan náà sì ti jáde. Àwọn ọmọ ìjọ Kátólíìkì wojú Póòpù, wọ́n sì gbọ́ pé kò sí aburú nínú rẹ̀: kí wọ́n túmọ̀ “ìjọba Fásíìsì” sí ìjọba ìlú lásán, kí wọ́n sì fi sọ́kàn pé ẹ̀tọ́ Ọlọ́run kò sí lára ohun tí àwọn ń búra lé. Àwọn Kọ́múníìsì gbọ́ láti ọ̀dọ̀ Palmiro Togliatti, olórí wọn tí ó ti sá kúrò nílùú, pé kí wọ́n búra kí wọ́n lè dúró sí àyè wọn láàárín àwọn ọ̀dọ́. Àwọn tí kò sí nínú èyí, tí kò sí nínú tọ̀hún, tí òmìnira nìkan ni wọ́n ń fẹ́, lọ bá Benedetto Croce, ẹni tí gbogbo wọn ń bọ̀wọ̀ fún. Òun náà gba àwọn kan nímọ̀ràn pé kí wọ́n dúró, kí àyè wọn má baà bọ́ sọ́wọ́ àwọn òpè tí yóò ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ìmọ̀ràn aláìnírònú kọ́. Bí olùkọ́ rere bá kúrò, olùkọ́ búburú ni yóò gba àga rẹ̀, òtítọ́ ni èyí. Ṣùgbọ́n a ní ìbéèrè kan fún wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jókòó níwájú olùkọ́ náà lọ́jọ́ kejì ìbúra, kí ni ó kọ́? Kò rí inú ọkàn olùkọ́ rẹ̀. Ohun tí ó rí ni pé àgbà tí òun ń wò bí àwòkọ́ṣe fi ọwọ́ sí ìwé tí kò gbà gbọ́, ó sì padà wá ń kọ́ni bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn kò sí nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n ó wọni lára ju ti inú ìwé lọ.

Ní ti àwọn méjìlá, ẹ jẹ́ kí a dárúkọ díẹ̀ nínú wọn, nítorí pé wọn kò jọ ara wọn. Gaetano De Sanctis, òpìtàn ayé àtijọ́ ní Róòmù, jẹ́ ọmọ ìjọ Kátólíìkì tí kì í fi ẹ̀sìn rẹ̀ ṣeré, síbẹ̀ àyè tí Póòpù fi sílẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Vito Volterra, onímọ̀ ìṣirò tí òkìkí rẹ̀ kan jákèjádò ayé, ti lé ní 70 ọdún. Piero Martinetti ń kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Milan. Ó sọ fún mínísítà pé ẹ̀rí ọkàn òun ni òun ti ń tẹ̀lé láti ọjọ́ yìí wá, òun kò sì lè yí i padà, ó sì gba oko rẹ̀ lọ. Francesco Ruffini àti ọmọ rẹ̀ Edoardo jọ kọ̀ ni, olùkọ́ òfin ni àwọn méjèèjì. Bàbá ti dàgbà, ṣùgbọ́n ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni ọmọ, gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà níwájú. Ernesto Buonaiuti, àlùfáà tí ìjọ tirẹ̀ ti lé jáde ní 1926, sọ pé nínú Ìhìnrere tí òun gbà gbọ́, ìbúra kò tọ́ rárá. Giorgio Levi Della Vida sì wà níbẹ̀, onímọ̀ èdè Lárúbáwá àti Hébérù, ẹni tí ó mọ ìtàn Ìsìláàmù dunjú bó tilẹ̀ jẹ́ pé Júù ni. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun náà. Ilé ìkàwé Póòpù ní Fátíkánì ni ó lọ, ó jókòó ti àwọn ìwé àfọwọ́kọ Lárúbáwá tí ó wà níbẹ̀, ó ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún àwọn tí yóò wá wọn lọ́jọ́ iwájú.

Níbi yìí ni ẹnìkan lè dá wa dúró kí ó sọ pé, ẹ̀yin tí ẹ jókòó jẹ́jẹ́ tí ẹ ń dájọ́, ẹ kò rí ọbẹ̀ tí kò sí nínú ìkòkò wọn. A gbà. Ẹni tí wọ́n gbé idà lé lọ́rùn, a kò ní sọ pé kí ló dé tí ó sọ ohun tí wọ́n ní kí ó sọ. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ń bẹ láàárín idà àti owó oṣù. Àwọn tí ó kọ̀ pàdánù iṣẹ́, wọ́n pàdánù àyè tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn wá, ọlọ́pàá sì ń ṣọ́ wọn. Wọ́n ti Martinetti mọ́lé fún ọjọ́ díẹ̀ ní 1935. A kò pa ẹnikẹ́ni nínú wọn nítorí pé kò búra. Kí a ṣe ẹ̀tọ́ sí àwọn tó kù: wọn kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Matteotti. Síbẹ̀, bí 300 bá ti kọ̀ dípò 12, ta ni ìjọba ìbá fi rọ́pò wọn?

Ohun tí a rò ni pé apàṣẹwàá kò wá ọkàn ẹnikẹ́ni. Ó mọ̀ pé púpọ̀ ń purọ́, kò sì bìkítà. Ohun tí ó ń wá ni pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí i pé aládùúgbò òun ti búra, kí ó wá dà bí ẹni pé òun nìkan ni ó kù láyé. Ìbúra tí ahọ́n ṣe nìkan ti tó fún iṣẹ́ yẹn. Ìyẹn ni pé ẹni tí ó ní òun fi nǹkan kan pamọ́ sínú ọkàn, ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó fi pamọ́.

Ìjọba tí wọ́n ń búra fún yìí, kí ni ó ń ṣe lọ́wọ́ lásìkò náà gan-an? Ẹ jẹ́ kí a kọjá òkun lọ sí Líbíà, tí Ítálì ń ṣàkóso nígbà náà. Láti ọdún 1930 ni wọ́n ti kó àwọn ará ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà kúrò nílé wọn, tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà, bí 100,000 ènìyàn, sínú àgọ́ tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí ká. Ọ̀kẹ́ àìmọye kú síbẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án 1931, ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré lẹ́yìn tí òfin ìbúra jáde, wọ́n so Sheikh Umar al-Mukhtar kọ́ ní Suluq lójú àwọn ènìyàn rẹ̀, arúgbó tí ó lé ní 70 ọdún, olùkọ́ ilé kéwú tí ó ti bá wọn jà fún ogún ọdún. Nígbà tí ó di 1937, Mussolini kan náà wá sí Trípólì, ó gun ẹṣin, ó na idà sókè, ó ní òun ni aláàbò Ìsìláàmù. Ẹni tí ń gba ìbúra lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti rí.

Jámánì tún yà wá lẹ́nu ní ọ̀nà mìíràn. Ọjọ́ tí ààrẹ wọn, Hindenburg, kú, ìyẹn ọjọ́ 2 oṣù kẹjọ 1934, ni wọ́n mú kí gbogbo ológun búra ìgbọràn tí kò ní ààlà fún Adolf Hitler, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tẹ̀lé wọn. Karl Barth, tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Kristi ní Bonn, sọ pé òun yóò búra bí wọ́n bá jẹ́ kí òun fi kún un pé níwọ̀n bí ẹ̀sìn òun bá ti gbà á mọ. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́, ó sì padà sí Switzerland ní 1935. Nígbà tí àwọn ọ̀gágun wá rí i pé ìlú ń parun, púpọ̀ nínú wọn ní àwọn kò lè gbé ọwọ́ sókè sí Hitler, nítorí pé àwọn ti búra. Ẹ gbọ́ ná. Ní Ítálì, wọ́n ní ìbúra kò mú ọkàn àwọn, nítorí náà kò burú kí àwọn ṣe é. Ní Jámánì, wọ́n ní ó ti mú ọkàn àwọn, nítorí náà àwọn kò lè ṣe rere. Ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí.

Ìbúra náà kò tilẹ̀ dáàbò bo gbogbo àwọn tí ó ṣe é. Ní 1938, Mussolini ṣe òfin lòdì sí àwọn Júù, ó sì lé bí ọgọ́rùn-ún ọ̀jọ̀gbọ́n jáde. Tullio Levi-Civita, onímọ̀ ìṣirò tí ó ti búra ní 1931, wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni Volterra tí kò búra ti wà nílé láti ìgbà pípẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí kì í ṣe Júù gba àga tí ó ṣófo, díẹ̀ kín-ún ni ẹni tí ó kọ̀ ọ́. A kò rò pé ó yẹ kí èyí ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹni tí ó ti kọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti fọwọ́ sí ohun tí kò gbà gbọ́, ẹ̀ẹ̀kejì kì í nira tó ti àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n a kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ nítorí pé ó ta ko ohun tí a ti ń sọ bọ̀. Piero Calamandrei búra. Nígbà tí ogun parí, ó wà lára àwọn tí ó jókòó kọ òfin tuntun fún orílẹ̀-èdè náà. Luigi Einaudi búra, lórí ìmọ̀ràn Croce. Ní 1948 ó di ààrẹ Ítálì. Àwọn wọ̀nyí dúró gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti sọ, ohun tí wọ́n fi pamọ́ sínú ọkàn kò sì jẹrà. Buonaiuti ní tirẹ̀ kò padà sórí àga rẹ̀. Wọ́n dá àwọn kan lára àwọn yòókù padà lẹ́yìn ìṣubú Mussolini, ṣùgbọ́n àdéhùn tí Mussolini bá ìjọ Kátólíìkì ṣe ní 1929 ṣì wà nílẹ̀, kò sì gba irú àlùfáà bẹ́ẹ̀ láyè láti kọ́ni. Ó kú ní 1946.

De Sanctis pẹ́ láyé jù ú lọ. Ní 1950, nígbà tí ojú rẹ̀ ti fọ́, ààrẹ orílẹ̀-èdè fi í ṣe sẹ́nétọ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ààrẹ tí ó fọwọ́ sí ìwé náà ni Einaudi.