Ìwà Ni àbí Àìsàn?

Ìbéèrè ni a gbé wá lóṣù yìí. Bí ìwà ènìyàn bá yí padà, tí a sì wá rí i pé àìsàn ló fà á, ta ni yóò dáhùn fún ohun tí ó ti ṣe?

Orí arábìnrin kan ní Òrò níbí ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ilé-kéwú ni, gbogbo wa sì mọ̀ ọ́n sí onísùúrù. Láàrin oṣù díẹ̀, ó di ẹni tí ń jágbe mọ́ ọmọdé lórí ohun tí kò tó nǹkan. Lọ́jọ́ kan ó já wàláà gbà lọ́wọ́ ọmọ kan, ó là á mọ́lẹ̀, wàláà fọ́ sí méjì. Ó ń jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n ṣe ni ó ń rù sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ooru ń mú un nígbà tí ọyẹ́ ń mú àwọn ẹlòmíràn, oorun kì í sì kùn ún lóru. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é, àwọn kan ní àlùjọ̀nnú ni, àwọn tí ẹnu wọn burú jù ní àrùn éèdì ló kó. Ìgbà tí ó gba Àjàṣẹ́-Ìpo lọ sí Ìlọrin, tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ni wọ́n tó sọ fún un pé táírọ́ìdì rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ àṣejù.

Táírọ́ìdì yìí, ẹran kékeré kan ni níwájú ọ̀fun, ìrísí rẹ̀ jọ labalábá. Omi tí ó ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ ni í pàṣẹ bí ọkàn yóò ti yára lù, bí ara yóò ti lo oúnjẹ, bí yóò ti gbóná tó. Bí ó bá tú u jù, gbogbo ara á máa sáré bí mọ́tò tí bíréèkì rẹ̀ ti já. Ohun tí ó sábà ń fà á ni pé àwọn ọmọ-ogun tí ń dáàbò bo ara fúnra wọn ṣìnà, wọ́n ń gún táírọ́ìdì ní kẹ́sẹ́ láìdáwọ́dúró. Dókítà Graves ti ìlú Dublin kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1835, orúkọ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn sì fi ń pè é. Àwọn obìnrin ni ó ń mú jù. Ẹ má pe gbogbo gẹ̀gẹ̀ ní irú èyí o. Èyí tí àìtó áyódíìnì ń fà yàtọ̀, ẹlòmíràn sì ní àrùn yìí tí ọrùn rẹ̀ kò wú rárá.

Kò mọ olówó, kò mọ alágbára. Ààrẹ Amẹ́ríkà, George Bush àgbà, àti ìyàwó rẹ̀ Barbara, àwọn méjèèjì ló ní in. Ti ìyàwó hàn ní 1989, ti ọkọ ní 1991. Gail Devers, sárésáré ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣàárẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 2 kí wọ́n tó mọ ohun tí ń ṣe é ní 1990. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́ nígbà ìtọ́jú débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e ní 1991, ṣùgbọ́n ní 1992 ó gba wúrà eré mítà 100 ní Barcelona. Bí ẹni tí ó wà láàrin àwọn oníṣègùn ayé bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó dá àìsàn rẹ̀ mọ̀, kí ni àwa ń fi ìkánjú sọ orúkọ ti ẹlòmíràn fún?

Ó yá, wàláà tí ó fọ́ ńkọ́? Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa ní kò sí ẹjọ́ níbẹ̀, àìsàn ni. Àwọn mìíràn ní ìwà rẹ̀ ni, àìsàn kàn ṣí aṣọ lórí rẹ̀ ni. A kò fara mọ́ ti ìkejì yìí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù kìkì tọ̀sán-tòru, tí kò sùn fún ọ̀pọ̀ oṣù, kò ṣeé fi wé ara rẹ̀ àná. Ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ náà kò tán síbẹ̀. Ànábì wa (kí ìkẹ́ Ọlọ́hun máa bá a) fi yé wa pé ọmọdé àti ẹni tí làákàyè rẹ̀ lọ wà lára àwọn tí kálámù kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí lọ́rùn. Arábìnrin wa kò ya wèrè o, àfiwé ni a ń ṣe. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ onímọ̀ òfin ẹ̀sìn ní bí ọmọdé bá ba dúkìá ẹlòmíràn jẹ́, inú owó ọmọ náà ni a ó ti san án. Ẹ̀ṣẹ̀ kò sí, gbèsè wà. Kí ó ra wàláà mìíràn, kí ó pe ọmọ náà, kí ó sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ìyẹn kò sọ ọ́ di ẹlẹ́ṣẹ̀.

Àwọn tí wọ́n ní éèdì ló kó ńkọ́ (bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn ni ìyẹn náà, kì í ṣe èébú)? Ara wọn le, ọkàn wọn ń lù déédéé. Gbèsè tiwọn ju wàláà lọ, ẹ̀ṣẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́.

Ní báyìí tí ó ti mọ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Àìsàn tí a mọ̀ tí a kò tọ́jú, àwáwí rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Carbimazole tí wọ́n fún un kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 8 kí ara tó rọlẹ̀, lílò rẹ̀ sì sábà ń tó oṣù 12 sí 18. Ewu ibẹ̀ ni pé bí ara bá ti tù ú díẹ̀, á fẹ́ dá a dúró. Bí ibà bá dé tàbí ọ̀fun ń dùn ún nígbà tí ó ń lò ó, kí ó lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kí ó má ṣe ra oògùn ibà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì kí ó sì jókòó sílé. Bí ó bá fẹ́ lóyún, kí dókítà gbọ́ ṣáájú. Kí ó máa gba àdúrà, kí ó mu hàntú bí ó bá fẹ́, kò bá oògùn jà. Ànábì kò ní kí ẹnikẹ́ni fi ràkúnmí rẹ̀ sílẹ̀ láìso.

Ti ààwẹ̀, Àlùkùránì fún aláìsàn láyè nínú súrà kejì kí ó jẹun, kí ó sì san ọjọ́ rẹ̀ padà bí ara bá yá. Ẹni tí ara rẹ̀ ṣì ń sáré, tí òógùn ń gbẹ omi ara rẹ̀, kí ó má fi ààwẹ̀ ṣe akin. Bí ara bá ti rọlẹ̀, dókítà lè gbà fún un kí ó gbààwẹ̀, kí ó máa lo oògùn rẹ̀ ní sàárì. Kí ó lọ béèrè nínú oṣù Ṣáábánì, kì í ṣe ní àárọ̀ ààwẹ̀ àkọ́kọ́.